Olùkọ́ tó ní ọmọ 64 nínú kíláàsì kan: ohun ọ̀fẹ́ wo lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló lè ràn án lọ́wọ́?

TíṣàMúṣin · Ọjọ́ Ajé, aago 8:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ẹ kú làálàá ọmọ ọlọ́mọ.

Ìṣírò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 nílé-ìwé kan ní Múṣin. Ọmọ 64 ló wà nínú kíláàsì kan. Bọ́ọ̀dù, ẹfun àti ohùn mi ni irinṣẹ́ mi. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo kọ́ wọn bí a ṣe ń ro ìdá pọ̀ mọ́ ìdá. Mo ṣe àpẹẹrẹ mẹ́rin sójú bọ́ọ̀dù, mo yíjú sí wọn, mo ní, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo ilé dáhùn pé, "Ó yé wa, sà!" Mo gba ìwé wọn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo tó ráyè máàkì. Nínú 64, àwọn tó gbà á kò ju 19 lọ, bẹ́ẹ̀ mo ti bẹ̀rẹ̀ àkòrí mìíràn lọ́jọ́ Ẹtì. Ó dùn mí dọ́kàn.

Mo wá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti wá ohun ọ̀fẹ́ tó lè ran olùkọ́ lọ́wọ́. Ohun tó jáde pọ̀ bí eṣú. Ìkànnì kan ní ọ̀fẹ́ ni òun, àmọ́ kí n tẹ nọ́ńbà káàdì báńkì mi, pé ọjọ́ 14 àkọ́kọ́ kò ní ná mi ní kọ́bọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, àlẹ́ẹ̀tì wọlé: wọ́n ti yọ owó tí mo fẹ́ fi ra gáàsì.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó dá mi lóhùn, bí ọ̀rọ̀ mi ṣe rí nìyí. Fóònù kan ni mo ní, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ mú fóònù wá síléèwé. Iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé. Dátà, àpò ara mi ni mo ti ń rà á, ẹ sì rántí pé láti oṣù Kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti fún àwọn iléeṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, ohun tí à ń rí rà ti dín kù.

Ohun tí mò ń wá ni ohun tí yóò jẹ́ kí n mọ ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò yé kí agogo tó lù. Ta ló mọ̀ ọ́n?

---

ÌyáÌbejì_Èbúté · aago 9:20 alẹ́

Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àdánù. Lálẹ́ yìí kan náà, ẹ wọlé síbẹ̀, kí ẹ fagi lé ìforúkọsílẹ̀ yẹn, kí wọ́n má baà tún yọ ti oṣù tó ń bọ̀. Bí ẹ kò bá rí ibi tí wọ́n ti ń fagi lé e, ẹ lọ bá báńkì yín kí wọ́n dí káàdì náà. Èmi kì í fi nọ́ńbà káàdì mi sí ibi tí wọ́n bá ti pe nǹkan ní ọ̀fẹ́. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, kò sí èyí tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí.

Ohun tí ẹ̀ ń wá, áàpù kan tí wọ́n ń pè ní Plickers ni. Fóònù olùkọ́ nìkan ló nílò. Káàdì pépà ni àwọn ọmọ máa ń dì mú. Àwòrán dúdú kan wà lára káàdì kọ̀ọ̀kan, ó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, wọ́n kọ A, B, C àti D wínníwínní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ó kọ ìbéèrè sójú bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́rin. Ọmọ tó bá gbà pé B ni, yóò yí káàdì rẹ̀ kí B bọ́ sókè, yóò gbé e síwájú àyà. Ẹ̀yin ó dúró níwájú, ẹ ó na kámẹ́rà sí wọn, ẹ ó rọra gbé e láti ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀tún bí ẹni ń ya fọ́tò àwọn àlejò ìnáwó. Fóònù á máa ka káàdì, orúkọ á máa jáde: ẹni tó gbà á, àwọ̀ ewé, ẹni tó ṣì í, pupa. Àwòrán ọmọ kan kò jọ ti ẹnìkejì, nítorí náà kò sí pé ẹnìkan ń wo ti aládùúgbò rẹ̀ kọ.

Ṣómólú ni mo ti tẹ tèmi. Ẹ ní kí wọ́n lo káàdì líle tí wọ́n fi ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ẹ MÁ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rá dídán bò ó. Èmi ní kí wọ́n bò ó nígbà àkọ́kọ́, nítorí mi ò fẹ́ kó tètè ya. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé wá ń tàn lára ọ̀rá, kámẹ́rà kò rí nǹkan kan kà ní gbogbo ìlà tó sún mọ́ fèrèsé. Mo tún owó san.

Apá ọ̀fẹ́ rẹ̀ ní òdiwọ̀n, ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta péré lẹ nílò kí ẹ tó jáde nínú kíláàsì.

---

TíṣàMúṣin · aago 9:41 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, màmá. Mo ti wo ìkànnì wọn báyìí. Mo rí káàdì 40, mo tún rí ti 63. Ọmọ 64 ni mo ní!

---

ÌyáÌbejì_Èbúté · aago 9:58 alẹ́

Ẹ má tẹ 63. Ẹ pín wọn sí méjì: 32 lápá ọ̀tún, 32 lápá òsì. Ẹ ṣí kíláàsì méjì nínú áàpù náà, kí ẹ sì fún ọmọ kìíní ní káàdì 1 lápá méjèèjì. Káàdì 32 péré lẹ ó tẹ̀. Bí apá kan bá ti dáhùn tán, wọn á na káàdì sí apá kejì. Kó má baà jẹ́ pé apá kejì ti gbọ́ ìdáhùn, ẹ má sọ èyí tó tọ̀nà títí apá méjèèjì á fi gbé káàdì.

Nǹkan mìíràn tó jà jù, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà tí mò ń bẹ̀rẹ̀: ẹ má kàn kọ ìdáhùn èké mẹ́ta bó bá ṣe wá sí yín lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn èké kọ̀ọ̀kan jẹ́ àṣìṣe tí ẹ mọ̀ pé ọmọ máa ń ṣe. Bí ẹ bá béèrè 3/4 + 1/2, ẹ fi 4/6 sí A, nítorí ọmọ tó ro orí pọ̀ mọ́ orí, tó ro ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni yóò já sí. Ẹ fi 3/8 sí C fún ẹni tó sọ ọ́ di ìlọ́po. Ẹ fi 4/4 sí D fún ẹni tó sọ ìsàlẹ̀ méjèèjì di 4 ṣùgbọ́n tó gbàgbé láti yí orí 1 padà sí 2. B ni 5/4. Lójú ẹsẹ̀ tí fóònù bá kà á tán, ẹ ó ti mọ iye ọmọ tó ṣì í, ẹ ó sì mọ ọ̀nà tí kálukú gbà ṣì í. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Àtúnkọ́ ọjọ́ kejì ti wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó dé bọ́ọ̀sì.

---

Ọmọ_Bàrígà · aago 10:15 alẹ́

Ó kéré tán, ẹni tí kò lówó káàdì lè fi pépà aláwọ̀ mẹ́rin ṣe é. Pupa ni A, yẹ́lò ni B, báyìí báyìí. Kò ní kọ orúkọ sílẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ojú yín á rí i.

---

Bàbá_Físíìsì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:05 òwúrọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti ń kọ́ni ní Físíìsì ní agbègbè Yábàá láti ìgbà tí a ṣì ń rí wáyà àti gílóòbù gidi nínú ilé àyẹ̀wò. Lónìí, ilé àyẹ̀wò wa ti di ibi tí wọ́n ń kó àga tó ṣẹ́ sí. Ohun tó gbà mí ni PhET.

Yunifásítì Colorado tó wà ní Boulder, l'Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Carl Wieman, tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú Físíìsì lọ́dún 2001, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2002. Àyẹ̀wò tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lójú kọ̀ǹpútà ni: Físíìsì, Kẹ́mísìrì, Ìṣírò, Bàọ́lọ́jì. Ọ̀fẹ́ ni lórí ìkànnì wọn.

Kí ẹ tó ní "dátà ńkọ́", ẹ gbọ́ èyí. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò náà, ẹ ó rí àmì ọfà tó kọjú sílẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, fáìlì kan ṣoṣo á bọ́ sórí kọ̀ǹpútà yín. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹ ó ṣí fáìlì náà bí ẹ ṣe ń ṣí ìkànnì, á sì ṣiṣẹ́. Mo ní mẹ́tàlá nínú fláàṣì mi báyìí, mo sì ti dà á fún gbogbo olùkọ́ sáyẹ́ǹsì iléèwé wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nínú kíláàsì. Èyí tó jẹ́ ti iná mànàmáná ni mo ṣí, láptọ́ọ̀pù mi wà lórí tábìlì, mo pe àwọn ọmọ SS 2 ní mẹ́jọ mẹ́jọ. Bátìrì kan, gílóòbù kan, wáyà méjì. Ọmọbìnrin kan so wọ́n pọ̀, gílóòbù tàn, àwọn rógódó kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú wáyà. Mo ní kó fi bátìrì kejì kún un. Ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ sí i, àwọn rógódó ń sáré. Lẹ́yìn náà ọmọkùnrin kan fa wáyà láti orí bátìrì padà sí ìdí rẹ̀ láìgba ibì kankan kọjá. Iná sọ lójú kọ̀ǹpútà! Gbogbo wọn fò sẹ́yìn. Mo dákẹ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló bi mí pé, "Sà, ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiránsífọ́mà àdúgbò wa nìyẹn?" Odidi ogójì ìṣẹ́jú ni a fi sọ̀rọ̀ lórí wáyà tó kan ara wọn, fíúùsì àti ìdí tí kò fi yẹ kí ènìyàn kó ẹ̀rọ mẹ́fà jọ sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Mi ò tíì rí i kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ báyẹn rí nígbà tí mo bá ya àwòrán rẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù.

TíṣàMúṣin, ti ìdá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wá a.

---

Sade_Sùúrùlérè · aago 7:30 òwúrọ̀

Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù?

---

Bàbá_Físíìsì · aago 4:12 ìrọ̀lẹ́

Ó ń ṣiṣẹ́ nínú Chrome orí fóònù, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kéré fún ọmọ mẹ́jọ. Áàpù PhET wà tí wọ́n ń tà, owó kékeré ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan. Àwọn àyẹ̀wò àtijọ́ kan wà tó jẹ́ Java, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ HTML5 sí ni kí ẹ mú.

---

Olùkọ́_SS3 · aago 8:00 alẹ́

Gbogbo ènìyàn ń wo òkèèrè, ẹ jẹ́ ká wo ilé. WAEC ní ìkànnì e-learning tí kò gba kọ́bọ̀. Ìròyìn àwọn olórí olùyẹ̀wò ló wà níbẹ̀, láti ọdún dé ọdún, lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á gbé ìbéèrè tó jáde kalẹ̀, wọ́n á sọ bí àwọn ọmọ ṣe dáhùn rẹ̀, ibi tí wọ́n ti mókè àti ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀, àti ohun tó yẹ kí wọ́n kọ.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń ra ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá lábẹ́ bíríìjì kí n tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìwé tí à ń rà á sọ ìdáhùn fún ọmọ. Ìròyìn yìí á sọ fún olùkọ́ ìdí tí ọmọ fi pàdánù máàkì. Nínú Ìṣírò, ẹ ó rí i pé wọ́n ń sọ ọ́ léraléra pé ìbéèrè tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀ máa ń ṣòro fún àwọn ọmọ láti sọ di ìdọ́gba. Mo kà á, mo padà sí lẹ́sìn nóòtì mi, mo rí i pé gbogbo àpẹẹrẹ tí mo ń fún wọn, x àti y ni mo ti fi ń bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mò ń bá wọn sọ ọ̀rọ̀ di ìdọ́gba kí wọ́n tó rí i! Láti sáà yẹn, gbogbo ìbéèrè mi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjà Ọ̀yìngbò: ìyá kan ra apẹ̀rẹ̀ tòmátò mẹ́ta...

Ojú ìwé tí kò ní fídíò ni, kò sì jẹ dátà. Ẹ kà á lọ́sàn-án, ẹ dà á kọ.

---

Yorùbá_Ìsàlẹ̀Èkó · Ọjọ́rú, aago 5:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ẹ̀yin ará. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ yìí jáde, ṣùgbọ́n mo ń wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ẹni tó rántí olùkọ́ Yorùbá. Láti ọdún 2018 ni òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ pé dandan ni kí wọ́n máa kọ́ Yorùbá níléèwé. Òfin wà, ìwé kíkà fún ọmọ kékeré ni kò tó. Ìwé márùn-ún fún ọmọ 50 ni mo bá nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

African Storybook ni mo lọ bá. Saide, àjọ kan ní Gúúsù Áfíríkà, ló gbé e jáde lọ́dún 2014. Ìwé ìtàn aláwòrán fún ọmọdé ni, ní ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà, Yorùbá wà níbẹ̀. Ènìyàn lè gbà á wálẹ̀, lè tẹ̀ ẹ́, lè túmọ̀ rẹ̀, lè kọ tirẹ̀ kún un. Wọ́n fi àṣẹ sí i pé kí ẹnikẹ́ni lò ó, níwọ̀n ìgbà tí a bá dárúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó ya àwòrán. Mo tẹ ìwé mẹ́wàá ní dúdú àti funfun ní Ìdúmọ̀tà, mo fi sítépù so wọ́n, àwọn ọmọ Primary 2 fúnra wọn ló fi kíréyọ̀nù kun àwòrán. Ìwé di tiwọn. Wọ́n kì í fẹ́ fi sílẹ̀ lọ sílé.

Nítorí pé ẹnikẹ́ni lè túmọ̀ síbẹ̀, ẹ kà á tán pẹ̀lú bírò lọ́wọ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ wa ni láti rí i pé àmì ohùn pé. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ rí "oko" níbi tó yẹ kó ti rí "ọkọ̀", ẹ ò mọ iye ọdún tí ẹ ó fi tún un ṣe.

Fún títẹ àmì lórí fóònù, Gboard ní pátákó Yorùbá tirẹ̀: ẹ lọ sí ètò rẹ̀, ẹ fi Yorùbá kún èdè. Fún kọ̀ǹpútà, YorubaName, ìkànnì ìtumọ̀ orúkọ tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, ní pátákó ìtẹ̀wé ọ̀fẹ́. Orúkọ ara wọn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ sáà: ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú orúkọ rẹ̀ wá, a ó wá a níbẹ̀, a ó fi àmì sí i. Ọmọ kan wà tó ti ń kọ orúkọ rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin láìsí àmì kankan. Lọ́jọ́ tó mọ̀ pé "Àjàyí" kì í ṣe orúkọ lásán, pé ọmọ tó dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i là ń pè bẹ́ẹ̀, ńṣe ló sáré lọ bi ìyá rẹ̀ nínú ọjà.

Fún àwọn ọmọ ńlá, BBC Yorùbá tó ti wà láti ọdún 2018 ń kọ ìròyìn lójoojúmọ́. Mo máa ń kọ ìpínrọ̀ kan sójú bọ́ọ̀dù láìfi àmì sí i, kí wọ́n wá fi sí i.

---

Ọ̀gá_Fẹ̀yìntì · Ọjọ́rú, aago 9:10 alẹ́

Ọdún 33 ni mo fi kọ́ni kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ṣe ọ̀gá iléèwé ní Erékùṣù Èkó. Mo kí yín gbogbo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mi ò rí ẹni tó sọ.

Ẹ̀ ń tẹ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sínú áàpù. Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù Kẹfà ọdún 2023 kò fi ọ̀rọ̀ ọmọdé ṣeré. Ìyọ̀nda òbí ló yẹ kó kọ́kọ́ wà. Mo sì ti rí olùkọ́ tó ya fọ́tò ọmọ tó gba òdo, tó gbé e sí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp. Ọmọ yẹn kò wá síléèwé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ yìí kò gbà bẹ́ẹ̀.

---

ÌyáÌbejì_Èbúté · aago 9:35 alẹ́

Ẹ ṣé, sà. Òótọ́ lẹ sọ. Nọ́ńbà ni mo fi ń ṣe é nínú Plickers: "Ọmọ 1", "Ọmọ 2", bí wọ́n ṣe wà nínú régísítà. Orúkọ gidi wà nínú régísítà mi nínú dúrọ́ọ̀. Kò sí ìdí tí áàpù fi gbọ́dọ̀ mọ orúkọ bàbá wọn. Èmi náà kì í sì í gbé ojú fóònù mi kọjú sí kíláàsì nígbà tí pupa àti àwọ̀ ewé bá ti jáde.

---

Akọ́kà_Tẹ̀kì · Ọjọ́bọ̀, aago 1:15 ọ̀sán

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ kú ọ̀sán. Èmi kì í ṣe olùkọ́ gan-an, mò ń ran ìyàwó mi lọ́wọ́ níléèwé rẹ̀ ni. Ẹ wo Kolibri.

Ẹ ó ti gbọ́ nípa Khan Academy: ẹ̀kọ́ tí Sal Khan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ìbátan rẹ̀ lórí fóònù lọ́dún 2004, tó di àjọ tí kì í ṣe ti èrè lọ́dún 2008. Ẹ̀kọ́ náà dára, fídíò ló máa ń jẹ dátà. Kolibri, tí àjọ Learning Equality ṣe, máa ń kó irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kan, tí PhET àti African Storybook tí ẹ sọ lókè náà lè wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yẹn á wá máa pín in fún fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì tó bá wà nítòsí nípasẹ̀ Wi-Fi, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Láptọ́ọ̀pù àlòkù kan ni a rà ní Computer Village ní Ìkẹjà. Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́ mi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà lóru, mo gba Ìṣírò kíláàsì mẹ́ta péré wálẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti gba gbogbo Khan Academy o, ó máa kún ẹ̀rọ yín ni. Ìyàwó mi ní tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́fà tí ìjọ kan fi ta iléèwé lọ́rẹ. Lẹ́yìn àkókò iléèwé, ọmọ 18 ló máa ń dúró, mẹ́ta sí tábúlẹ́ẹ̀tì kan. Bátìrì láptọ́ọ̀pù náà ń gbé wákàtí kan àti ààbọ̀, iṣẹ́ ti parí kó tó kú.

Kiwix náà wà, tó ń gbé odidi Wikipedia sórí fóònù láìlo íntánẹ́ẹ̀tì. Ti Yorùbá kéré, á gba ààyè lórí fóònù TíṣàMúṣin.

---

Sade_Sùúrùlérè · aago 6:48 ìrọ̀lẹ́

Kí lẹ rò nípa àwọn ẹ̀rọ AI tó ń kọ lẹ́sìn nóòtì? Mo lo ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìṣẹ́jú kan péré ló fi kọ ọ́. Olórí ẹ̀ka wa ló wá fi hàn mí pé àpẹẹrẹ kẹta kò tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ mo ti kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù.

---

Olùkọ́_SS3 · aago 7:20 alẹ́

Sade, ẹ má fi í kọ nóòtì, ẹ fi í wá ìbéèrè. Ẹ ní kó fún yín ní ìbéèrè ogún lórí ìdá, ẹ mú mẹ́fà tó dára, ẹ ṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fúnra yín lórí pépà kí ẹ tó wọ kíláàsì. Ètò iṣẹ́ yín gan-an, ibi tí kárííkúlọ́ọ̀mù NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò ohun tí iléèwé ń kọ́, bá fi sí ni kí ẹ ti mú un. Ẹ̀rọ yẹn kò mọ ohun tí ọmọ yín ti kọ́ ní sáà tó kọjá. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.

---

TíṣàMúṣin · ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àìkú, aago 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò sọnù, iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Mo lọ sí Ṣómólú, mo tẹ káàdì 32 láìfi ọ̀rá bò ó. Mo kọ ìwé sí àwọn òbí pẹ̀lú ìyọ̀nda ọ̀gá wa, mo sì fi nọ́ńbà dípò orúkọ bí màmá ṣe wí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo padà sórí ìdá. 3/4 + 1/2, ìdáhùn mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ÌyáÌbejì ṣe tò ó. Ìgbà àkọ́kọ́, ariwo pọ̀, àwọn kan gbé káàdì bo ojú, àwọn kan fi àtàńpàkò bo àwòrán. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ó ṣe di etí rẹ̀ mú. Ní ìgbà kejì, kò tó ìṣẹ́jú méjì tí fóònù fi ka apá kan.

Ọmọ 37 ló gbé A. Mẹ́tàdínlógójì! Gbogbo wọn ti ro orí pọ̀ mọ́ orí, ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Mo ti ń kọ́ wọn ní ọ̀nà tó tọ́, mi ò mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn kan ti wà lórí wọn kí n tó dé.

Mi ò sọ pé wọ́n ṣì í. Mo fa ọ̀pá búrẹ́dì gígùn kan sójú bọ́ọ̀dù, mo gé e sí mẹ́rin, mo kun mẹ́ta. Mo ní, "Ẹni tó bá jẹ èyí, tó tún jẹ ìdajì búrẹ́dì mìíràn, ṣé ó jẹ ju odidi búrẹ́dì kan lọ àbí kò tó o?" Wọ́n ní ó jù ú lọ. Mo ní, "4/6 ńkọ́? Ṣé ó ju odidi lọ?" Kíláàsì pa rọ́rọ́. Ọmọ kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn, tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ló ní, "Sà, kò lè jẹ́ A." Mo ní kí ó jáde wá ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé é ní Yorùbá pẹ̀lú búrẹ́dì náà. Mo tún béèrè ìbéèrè mìíràn: 2/3 + 1/2. Ọmọ 11 ló ṣì gbé èyí tó jọ A. Mo mọ àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ Ẹtì nígbà tí àwọn yòókù ń ṣe iṣẹ́ kíláàsì.

Nẹ́tíwọ̀kì dá wa dúró lẹ́ẹ̀kan. Mo fi pépà aláwọ̀ mẹ́rin Ọmọ_Bàrígà parí ìyẹn. Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín.

Bàbá Físíìsì, mi ò ní láptọ́ọ̀pù. Ṣé mo lè rí àwọn fáìlì PhET mẹ́tàlá yẹn gbà? Olùkọ́ Físíìsì wa ní kọ̀ǹpútà, òun ni mo fẹ́ fún.

---

Bàbá_Físíìsì · aago 5:26 ìrọ̀lẹ́

Mo ka ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀yìn kíláàsì yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́run á túbọ̀ fún yín lókun.

Àwọn mẹ́rin mìíràn ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fáìlì kan náà. Mo máa wà ní Yábàá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láti aago 10. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, mo máa sọ ibi tí a ó ti pàdé. Akọ́kà_Tẹ̀kì, ẹ bá wa mú láptọ́ọ̀pù Kolibri yẹn wá kí wọ́n fojú rí i.

---

Akọ́kà_Tẹ̀kì · aago 5:40 ìrọ̀lẹ́

Mo ń bọ̀, sà. Kí ẹni tó ń bọ̀ mú fláàṣì tó ṣófo wá o, kó jẹ́ 16GB ó kéré tán.

---

Yorùbá_Ìsàlẹ̀Èkó · aago 6:11 ìrọ̀lẹ́

Èmi náà ń bọ̀. Mo máa kó ìwé ìtàn mẹ́wàá tí mo ti fi àmì sí wá, kí ẹ lè ṣe fótókọ́pì tiyín.